Mọ́tò Tí Gbogbo Agboolé Tọ́jú

Ẹni tí kò ní mọ́tò tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ bá a kẹ́dùn. Ẹni tó ní mọ́tò, tó tò fún ọjọ́ méjì gbáko kó tó rí epo rọ sínú ẹ̀, tó wá gbé mọ́tò ọ̀hún kalẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Àwa tí a ò lọ yunifásítì ní orúkọ tí a ń pe irú ẹ̀. Àwọn tó lọ ń pè é ní háíkìn.

Dókítà Adébíyìí ló fẹ́ ṣe háíkìn. Ọmọ Ìkìrun ni, olùkọ́ yunifásítì tó ń kọ́ni nípa òkè àti odò, ó háyà ilé kan ní Ìlàrè. Ọdún 1996 ni. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti ń jókòó sílé, ẹsẹ̀ sì ti ń yún wọn. Òun àti olùkọ́ méjì mìíràn bá pinnu pé àwọn á gba orí òkè àti inú igbó lọ wo omi tó ń dà láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ọjọ́ Bọ̀ ni wọ́n máa gbéra, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa padà délé.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà: mọ́tò. Kì í sì í ṣe ti Dókítà. Ti ìyàwó ẹ̀ ni.

Ọlábísí lorúkọ ìyàwó yìí, olùkọ́ ilé-ìwé gírámà, Ìyá Ìkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ti lọ sí Ìbàdàn lọ wẹ ọmọ tuntun tí Ìkẹ́olúwa, àkọ́bí wọn, bí. Ọjọ́ Àìkú lòun náà ń bọ̀, nítorí láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbọ́dọ̀ wà níwájú ìgbìmọ̀ kan ní Òṣogbo tó fẹ́ yan ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ipò yìí ti fò ó. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kó ṣì ní sùúrù. Lẹ́ẹ̀kejì, ìpàdé ti parí kí lẹ́tà tí wọ́n fi pè é tó dé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló kù.

Kó tó lọ sí Ìbàdàn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Ìkẹ́, epo tó wà nínú ẹ̀, epo Òṣogbo ni. Ẹ má wà á lọ síbì kankan. Bí mo bá dé tí n ò bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ tètè wá ibi tí ẹ máa sá pamọ́ sí."

Dókítà ò lè gbé e sílẹ̀ ní Ìlàrè. Ilé ọ̀hún ò ní géètì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò aládùúgbò wọn jí sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, olè ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó bá gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Kọ́ńsítébù tó bá níbẹ̀ ò béèrè orúkọ, kò béèrè ìwé mọ́tò.

"Epo wà nínú ẹ̀, sà?"

"Ó kún."

Kọ́ńsítébù rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí ìyá ẹ̀ tó ti ọjà dé. "Ẹ gbé e wọlé, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀ pátápátá."

Ẹ̀rín yẹn ni ò jẹ́ kó gbé e wọlé.

Ibẹ̀ ló ti rántí Ọdẹ́wálé, ońṣẹ́ ọ́fíìsì wọn, ọmọ Ìrẹmọ. Agboolé wọn ní ògiri yíká, ẹnu-ọ̀nà ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ojú tó sì ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ọ̀hún ju ogójì lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Bọ̀ ló wa mọ́tò débẹ̀. Baba Lágúnjú, olórí agboolé, wò ó tokè tilẹ̀: fìlà onírùngbọ̀n okùn, báàgì gbẹ̀ǹgbẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, sà."

"Mọ́tò yìí ń ṣàìsàn ni?"

"Rárá, sà. Ara ẹ̀ le koko."

"Ìwọ àtìyàwó ẹ jà?"

"A ò jà, sà."

"Àbí ẹnìkan ń lé ẹ?"

"Rárá o, sà! Mo kàn fẹ́ rìn ni. Ó dáa fún ara, ojú á sì rí nǹkan."

Baba yíjú sí Ọdẹ́wálé. "Ṣé àwọn tó ń kọ́ ọmọ yín nìyí?"

Alhaja Fàòsíyà, tó ń ta epo pupa lẹ́nu ilé, dá sí i. "Baba, ẹ jẹ́ kó lọ jàre. Ìwé ti kún orí ẹ̀, ó ti wá ń ṣàn wálẹ̀ sẹ́sẹ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rín tiẹ̀, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú ẹ̀, sà. Ti ìyàwó mi ni. Bí mo bá dé, kí n bá a kó pé pérépéré. Ẹyọ nọ́ọ̀tì kan ò gbọdọ̀ dín níbẹ̀."

Tọ́jú! À ń tọ́jú ọmọ, à ń tọ́jú aláìsàn, à ń tọ́jú owó sábẹ́ ẹní, à ń tọ́jú ẹran sísàlẹ̀ ìkòkò kí àlejò má baà rí i. Èwo ni Dókítà ń wí? Kò sọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Baba lọ́wọ́, ó gba ọ̀nà òkè lọ.

"Amánà ni o, ohun tí wọ́n fi sí wa níkàáwọ́," Alhaja Fàòsíyà wí. "Ẹni bá dalẹ̀ amánà, Ọlọ́run á bi í."

Gbogbo wọn ṣe àmín, tọkàntọkàn sì ni. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí ẹ má baà ro nǹkan mìíràn: ilé yẹn ò ní olè. Ì bá tiẹ̀ sàn bó ní. Olè ì bá gbé e lọ lódidi.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Alhaja ti ọjà dé pẹ̀lú ìròyìn pé àwọn kan wọ agboolé ẹnìkan, wọ́n sì fi ọwọ́ ti mọ́tò jáde nígbà tí onílé ń rin pákò lọ́wọ́. Kíá, Baba pe ìpàdé. Ọdẹ́wálé ní kí ẹnìkan máa sùn nínú ẹ̀.

"Ẹni bá sùn nínú ẹ̀ lónìí," Baba dáhùn, "lọ́la ló máa fẹ́ wà á."

Àtàndá, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà, dìde. "Olè wo ló máa gbé mọ́tò tí ò lẹ́sẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bọ́ táyà ẹ̀, kí n kó o sí yàrá mi."

"Yàrá ta ni?" Ẹ̀gbọ́n kan ti fò dìde. "Bí ọ̀kan bá sọnù, ṣé kì í ṣe gbogbo wa ni wọ́n á pè lólè?"

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Baba na ọwọ́, ó sì dá ẹjọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a nílé yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìdí-igi ni! Bàbá tó bí wọn ní ìyàwó mẹ́rin. Ohunkóhun tó bá wọlé, ilẹ̀ ni, kòkó ni, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń pín in sí, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gbé tiẹ̀.

"Ìyàwó mẹ́rin," Baba wí, "táyà mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ti bá wa pín in tán?"

Bó bá mọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá má le. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹnìkan rántí bátìrì. Ìdí-igi kìíní gbà á torí pé àwọn làgbà. Ìdí-igi kejì ní ta ló sọ pé àwọn ò ṣeé fọkàn tán. Wọ́n tú kabúrétọ̀ fún wọn kí inú wọn rọ̀. Ìdí-igi kẹta ní ohun tí ò bá wúwo tó bátìrì, àwọn ò gbà. Wọ́n yọ síárìn tí awakọ̀ ń yí fún wọn. Ìdí-igi kẹrin, ìyẹn ti Alhaja Fàòsíyà, ní epo ló kan àwọn. Àtàndá bá ki rọ́bà bọ táńkì, ó fà á mu díẹ̀, ó tu ú dànù, ó sì fà á dà sínú kẹ́ẹ̀gì méjì.

"Epo ni mò ń tà," Alhaja wí, "epo ni mo mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ti pín iná iwájú, wọ́n ti pín ìjókòó, wọ́n ti pín fèrè. Wọ́n pín ogún alààyè tó ń gun òkè kiri, inú gbogbo ilé sì dùn pé àwọn ń ṣe dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Dókítà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ̀ agbégẹdú, tó ń tiro bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú bí iṣu. Ó wọ agboolé, ó rí mọ́tò ìyàwó ẹ̀ lórí òkúta mẹ́rin, ihò méjì níbi tí ojú ẹ̀ wà.

"Olè! Mo gbé! Olè!"

"Olè kẹ̀?" Baba Lágúnjú fò dìde. "Nínú ilé tèmi? Ta ló ń pariwo olè ní ọ̀sán gangan? Ó pé pérépéré! Ẹ fún un lómi."

"Pé níbo, sà?"

"Nínú ilé! Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ lọ́wọ́."

Dókítà gbá orí mú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kó o jáde kí wọ́n tò ó. Ìyàwó mi ti wà lọ́nà."

Wọ́n kó o jáde lóòótọ́, wọ́n tò ó sílẹ̀ bí ọjà àlòkù. Àtàndá bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí.

"Ọ̀gá Dókítà, ẹ má bínú o. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe."

"Ìwọ lo tú u!"

"Títú ò ní kíláàsì, sà. Títò ló ní."

Síárìn sì ni ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ Baba Àyàndélé, àgbà ìdí-igi kẹta, ló wà, ó sì ti lọ sóko láti àná, kò ní dé títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n wá inú yàrá ẹ̀, wọn ò rí i.

"Ó gbé e lọ sóko ni," ìyàwó ẹ̀ wí, ó sì ń fi í yangàn. "Ó ní amánà ò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́yìn ẹni."

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Ọlábísí fi wọlé. Ó ti dé ilé, kò bá ọkọ, kò bá ọkọ̀. Ìwé tí Dókítà lẹ̀ mọ́lẹ̀kùn ló júwe Ìrẹmọ fún un. Kò kígbe. Ó yí mọ́tò ẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó wo òkúta, ó wo ihò ojú, ó wo àwọn ẹrù tó tò nílẹ̀.

"Ìyá Ìkẹ́," ni Dókítà bẹ̀rẹ̀, "kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀ o, ó kàn jẹ́ pé..."

"Bàbá Ìkẹ́, ẹ dákẹ́." Ó kọjú sí àwọn ará ilé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Epo mi dà?"

Alhaja Fàòsíyà wọ yàrá, ó wọ́ kẹ́ẹ̀gì méjì jáde, tó fi ọ̀rá dì lẹ́nu, tó tún fi okùn so.

"Ẹ wò ó, ìyá wa. Ìkán kan ò dín. Láti ọjọ́ Ẹtì, a ò dáná lójúlé wa, kí iná má lọ ràn án. Gààrí ni mò ń fún àwọn ọmọ mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́."

Ojú Ọlábísí rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Alhaja, Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Ó gba gáréèjì lọ tààrà. Takisí bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dákú síbẹ̀ nítorí àìsí epo, àwọn awakọ̀ ń ta dráàfù lábẹ́ igi. Obìnrin yìí dúró láàárín wọn, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Mo ní epo. Ta ló ní mọ́tò?"

Dráàfù fọ́n ká. "Madam, tèmi rèé!" "Madam, ẹ má dá a lóhùn, ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ ń mu epo bí ẹlẹ́mu!"

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Oyèwọlé ló yàn nínú wọn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bẹjú wo inú mọ́tò ẹ̀ ná.

"Madam, kí lẹ ń wá?"

"Síárìn. Ó wà. Ó yá, jẹ́ ká lọ gbé epo."

Nígbà tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sínú búùtù tán, ó dágbére fún olórí ilé.

"Baba, ẹ ṣeun. Ọkọ̀ mi, ẹ ti bá mi tọ́jú ẹ̀. Ọkọ mi nìyí, ẹ bá mi tọ́jú òun náà títí mọ́tò á fi pé."

"A ó tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ọmọ mi," Baba dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Àtàndá bojú wo ẹsẹ̀ Dókítà tó wú. Dókítà rọra ká a bọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ní Òṣogbo lọ́jọ́ Ajé, ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n pè. Àwọn mẹ́ta ló rí ọ̀nà gbé e gbà dé. Nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, alága àti akọ̀wé nìkan ló jókòó. Alága ṣí fáìlì Ọlábísí, ó tún un pa dé.

"Madam, báwo lẹ ṣe débí?"

"Mo wọ mọ́tò, sà."

"Ẹ rí epo? Níbo?"

Ọlábísí rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: ọkọ tó fẹ́ rìn, ìdí-igi mẹ́rin, síárìn tó lọ sóko. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí, ó yọ dígí, ó nu ojú. Alága náà rẹ́rìn-ín, ó wá tẹ̀ síwájú, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Epo ọ̀hún... ó ṣẹ́kù?"

Ọlábísí kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ipò yìí ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì kan tó kún sì wà nínú búùtù níta.

"Ó ṣẹ́kù, sà. Èyí tó máa gbé mi padà délé ni."

"Díẹ̀ nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Sà, àwọn ọmọ kan fi gààrí panu fún ọjọ́ mẹ́ta kí epo yìí má baà dín. Tí mo bá bù ú fún yín, kí ni kí n lọ wí fún ìyá wọn?"

Akọ̀wé tẹjú mọ́ bíírò ẹ̀. Alága fa fáìlì mọ́ra, ó bojú wo ìta, bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ilé-ìwé mẹ́ta ni ò ní ọ̀gá, ènìyàn mẹ́ta ló rí ọkọ̀ wọ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Èyí tó jìnnà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fún un. Iná ò sí, ọwọ́ ni akọ̀wé fi kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ọlábísí gbà á, ó dúpẹ́, ó sì ka orúkọ ara ẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.