Àmì Ẹ̀yìn Sùtánà

Ìmọ̀ ìtàn ni Zipporah ń kọ́ ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọkàn rẹ̀ máa ń wà. Orí fóònù ló ti rí àwọn ọ̀dọ́ ìlú òyìnbó kan tó ń fọwọ́ ara wọn ya aṣọ, tí wọ́n ń fi pínnì so ó pọ̀, tí wọ́n sì ń kun lẹ́tà A tí ìlà róbótó yí ká sí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ gàba lórí ẹlòmíì. Zipporah àti Abibat ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ṣe irú rẹ̀ kan.

Jákẹ́ẹ̀tì yìí ló wọ̀ lọ síbi ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Atikori. Alàgbà Japheth, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, ni olórí akọrin. Òun ló ń yan orin, òun ló ń yan ẹni tí yóò kọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa sọ ìgbà tí wọn yóò mí. Zipporah rò pé yóò lé òun jáde. Bàbá yí i sẹ́yìn, ó wo àmì náà títí, ó sì ní A ni Aládùúrà, róbótó ni ayé. Ó pàṣẹ pé kí ó rán an sí ẹ̀yìn sùtánà gbogbo akọrin fún ọjọ́ ìkórè, tòun ti pínnì.

Abibat rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí Zipporah sinmi. Ó padà lọ bá Bàbá, ó ní, “Bàbá, àwọn tó ni àmì yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe olórí o.”

Bàbá mi orí. “Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọlọ́run nìkan ni olórí. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ní bá mi kọrin.”

Hannah, ìyá àgbà kan tó ti ń bá wọn kọrin tipẹ́ láìdá orin kan rí, wà nítòsí. Ó gbọ́, ó sì sọ fún àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ ìkórè, Bàbá gbé ọwọ́ sókè fún orin jẹ́jẹ́ tó yàn. Hannah dá orin mìíràn, amóríyá. Gbogbo akọrin gbè é. Bàbá ju ọwọ́ títí, kò sẹ́ni tó wò ó. Nígbà tó gbá tábìlì, Hannah kọ ẹ̀yìn sí i, gbogbo wọn sì kọ ẹ̀yìn sí i, àmì náà ń wò ó lójú. Ìjọ rò pé ijó tuntun ni. Àwọn náà dìde, wọ́n ń yí ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá pe Zipporah sí kọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ọmọ mi, ṣé àwọn òyìnbó yẹn ní àmì tó dúró fún ìgbọràn?”

Zipporah ní òun yóò wá a wò.

Níbi ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, àwọn akọrin fẹ́ jọ yan orin fúnra wọn. Wọ́n ṣe àríyànjiyàn títí oòrùn fi rọ̀, wọn kò tíì kọ ẹyọ kan. Hannah fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ pe Alàgbà. Ó dé, ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, ó ní tí ó bá kan òun, òun náà yóò sọ tòun.

Nígbà tó kàn án, orin amóríyá yẹn ló dá.