Ọwọ́ Tí Àjíṣafẹ́ Nà Sókè

Ọdún karùn-ún òmìnira ni, ìbò ku ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sì ń gbóná janjan. Àmọ́ Àjíṣafẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù méje ló ti ń gé gẹdú nínú igbó etí omi níhà Àrògbò. Ta ni yóò ròyìn ìbò fún un níbẹ̀, àbí ọ̀nì?

Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ló mú un wọ ọkọ̀ ojú omi, tó tún fi wọ ọkọ̀ lọ́rì. Agatha, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, kọ̀wé láti ilé ìwé rẹ̀ pé òun ni òun máa dá orin lọ́jọ́ òmìnira ní pápá Òkìtìpupa. “Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ wá o. Bí n kò bá rí yín, ẹ̀rù á bà mí.” Irú bàbá wo ni kò ní lọ?

Nígbà tó dé, pápá ti kún dẹ́nu. Agatha jáde sórí pátákó tí wọ́n tò ṣe pèpéle, nínú aṣọ funfun, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ojú rẹ̀ ń wá èèyàn kiri. Àjíṣafẹ́ na ọwọ́ sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó ń jù ú sí i. Ọmọ rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé orin. Inú bàbá dùn débi pé kò sọ ọwọ́ kalẹ̀ mọ́.

Yéè! Ọkùnrin yìí kò mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ ti di àmì ẹgbẹ́ òṣèlú, pé wọ́n ti ń torí rẹ̀ pa èèyàn. Àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ kejì ló sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Kùmọ̀ àkọ́kọ́ bà á lẹ́yìn ọrùn. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

“Ta lò ń ju ọwọ́ ẹgbẹ́ yín sí lórí pátákó yẹn?” Lucas, olórí wọn, yọ àdá. “Ẹni yòówù kó jẹ́, á jẹ nínú ìyà yìí lónìí!”

Àjíṣafẹ́ wo àdá, ó wo pátákó. Ó yé e wàyí.

“N kò juwọ́ sí ẹnì kankan. Ẹgbẹ́ mi ni mò ń kí! Ẹ pa mí bó bá wù yín!”

Irọ́ ni, kò dìbò rí láyé rẹ̀. Wọ́n tẹ apá rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n lù ú títí egungun fi kán. Wọ́n gbá a lẹ́nu, eyín mẹ́ta yọ. Àwọn èèyàn ń sá, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀.

Àfi Agatha. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó ń ké, “Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀!”

Lucas fa ọmọ náà lọ́rùn aṣọ. “Ọmọ rẹ rèé?”

Àjíṣafẹ́ tu ẹ̀jẹ̀ dànù. “Ọmọ ta? Ẹ lé e kúrò lọ́dọ̀ mi jàre. N kò mọ̀ ọ́n rí.”

“Bàbá, èmi Agatha ni!”

“Mo ní n kò bímọ! Orí ọmọ yìí ti dàrú!”

Agatha yíjú kúrò lára rẹ̀. Lucas pòṣé, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tíṣà kan sì wọ́ ọ lọ. Wọ́n wá padà sórí Àjíṣafẹ́, wọ́n lù ú títí kò fi mọ nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ kẹta ló tó lajú ní ọsibítù. Ó kọ́kọ́ béèrè ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹnì kankan kò wá wò ó, ó sì bá a ránṣẹ́ sí ilé ìwé pé bàbá Agatha ń pè é.

Ìránṣẹ́ padà dé lọ́sàn-án. Ó ní Agatha sọ pé òun kò ní bàbá.