Àgbọn Kọ́ ni Àwẹ̀ró Gbìn

Àwẹ̀ró Gbàdàmọ́sí ni wọ́n ṣẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1956 ni. Agbaṣẹ́ṣe gẹdú la ojú omi gba àárín oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kí ìtì igi lè máa léfòó lọ sí ọ̀sà. Omi oníyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀gẹ́ kú. Ó tán. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ dán wò?

Síbẹ̀ mo jókòó síwájú agolo mílíìkì. Ìgbìmọ̀ ìlú Ọ̀jọ́ ní àwọn ò ní dá ẹjọ́ obìnrin náà àfi bí ilé-ìwé wa bá kọ́kọ́ dán an wò, bóyá omi oníyọ̀ ń pa ohun ọ̀gbìn. Inú mi sì dùn! Mo rò pé — òmùgọ̀ — mo rò pé ìmọ̀ yóò sọ̀rọ̀, gbogbo ẹnu á pa mọ́. Ẹ̀wà nínú agolo gbogbo, erùpẹ̀ kan náà, oòrùn kan náà. Apá kan, omi òjò. Apá kejì, omi láti oko Àwẹ̀ró. Kò lọ́jú pọ̀ rárá.

Àfi ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé, tí òun náà jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ó ní kí n da ẹ̀wà nù. Àgbọn ni kí n lò. "Kọ́láwọlé, ṣé àgbọn kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ni? Ìwọ tóo gboyè bọ̀ láti Ìbàdàn, àbí ẹ̀wà nìkan ni wọ́n fi hàn ọ́ níbẹ̀?" Àwọn tíṣà yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo ń rín?

Àgbọn … tó ń hù létí òkun, tí ìgbì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀sántòru. Ta ni kò mọ̀? Ògúntádé mọ̀. Agbaṣẹ́ṣe mọ̀.

Mo lè kọ̀. Wọ́n á lé mi, tíṣà mìíràn á gbin àgbọn. Mo lè gbin ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀ — ta ni yóò wò ó? Mo lè sọ pé àgbọn kú … Èmi? Kí n torí òtítọ́ purọ́?

Àwẹ̀ró dá mi dúró lọ́nà Ìbà láàárọ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbẹ bíi tábà. Ó nà án sí mi. "Tíṣà, ṣé èyí ò lẹ́nu ni, tóo fi ń wá òmíràn tó máa sọ̀rọ̀?" Mo ní, ẹ ní sùúrù, ìyá. Sùúrù!

Àgbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ti wà nínú garawa níwájú mi. Mo ń bu omi iyọ̀ sí i. Yóò yè. Màá kọ ọ́ pé ó yè, kò sì ní sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo kọ …

Dúró. Ibẹ̀ gan-an ni. Inú ìbéèrè ni wọ́n fi irọ́ sí, kí n tó fọwọ́ kan agolo. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀wà ni, ká ní ẹ̀wà kú — èmi náà ti gbà fún wọn pé oko tó kú ò tó ẹ̀rí. Lọ́jọ́ tí inú mi dùn ni mo ti gbà.

Ògúntádé ń wo àgbọn láti ẹnu ọ̀nà, ó ń mi orí pé ó dára. Mo gbọ́ ohùn ara mi: ẹ ní kí wọ́n dí ojú omi yẹn, sà. Ó yí padà, ó ń lọ.

Ẹ ní kí wọ́n dí i.