Géèmù Mélòó Ló Kan Ẹnì Kọ̀ọ̀kan?

4.

…tí Bùrọ̀dá Rẹ̀mí fi ní kí n kà á. "Gbéminíyì, ka àwọn tó ní ẹ̀rọ géèmù kọ̀ọ̀kan. Ka sídì tí wọ́n rà lọ́wọ́ wa lọ́dún yìí. Pín in. Èyí tí kò bá tà, màá palẹ̀ ẹ̀ mọ́ kí oṣù tó parí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò fẹ̀."

5.

ÀKÓJỌ
Ekenwan Road, oṣù kọkànlá, 2003

Pléésteṣọ̀n: ènìyàn 41, sídì 123. Mẹ́ta mẹ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ́síbọ́ọ̀sì: ènìyàn 6, sídì 12. Méjì méjì.

Ségà: ènìyàn 1, sídì 22. Méjìlélógún

6.

Mo fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi ti àwọn yòókù. Kò ṣeé kọ. Tí ènìyàn bá jẹ́ ẹyọ kan, nọ́ńbà rẹ̀ náà á dá dúró.

7.

Ẹyọ ènìyàn náà: Bàbá Ògúnwálé, télọ̀ ní Ogida. Iredélé ọmọ wọn ló fi Ségà sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sókè òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń wá. Àwọn nìkan, nínú gbogbo oníbàárà, ló ń béèrè bóyá mo ti jẹun.

8.

BÀBÁ: Gbéminíyì, géèmù ẹni méjì ni mo fẹ́ o.
ÈMI: Ìjà ni àbí eré ìje, sà?
BÀBÁ: Ìjà. Eré ìje ń jẹ́ kí òòyì kọ́ mi.
ÈMI: Ta lẹ máa ń bá gbá a?
BÀBÁ: Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń bá òsì gbá a. Páàdì tí a fi ń tẹ géèmù, ọ̀kan lórí itan yìí, ọ̀kan lórí ìyẹn.
ÈMI: Èwo ló máa ń na èkejì?
BÀBÁ: Òsì! Ọ̀tún ti gé aṣọ láti àárọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀lẹ.

9.

Ó wù mí kí n di páàdì kan mú. Mi ò sọ ọ́.

9, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Irọ́ ni. Mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Bàbá ní, "Kí lo wí?" Mo ní, "Ó dàbọ̀, sà."

10.

(Ìwé pélébé, lábẹ́ ife tíì mi.)

*Gbéminíyì, mo rí ìṣirò rẹ. Ẹnì kan ṣoṣo! Tí bàbá yẹn bá ṣàìsàn ńkọ́? Àwọn ará bárékè sójà ń béèrè géèmù bọ́ọ̀lù. Ibi tí Ségà wà ni mo máa tò ó sí. Rẹ̀mí.*

11.

ÀTÚNṢE SÍ ÀKÓJỌ

Ségà: ènìyàn 2 (Ògúnwálé, Gbéminíyì), sídì 22. Mọ́kànlá mọ́kànlá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

12.

Ẹ wo bó ṣe rẹwà tó.

13.

[Mo fa èyí ya.]

14.

BÙRỌ̀DÁ: Ìwọ? O ní Ségà? Níbo ló wà?
ÈMI: Nílé Bàbá Ògúnwálé.
BÙRỌ̀DÁ: Kí ló gbé e débẹ̀?
(Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu sídì.)
BÙRỌ̀DÁ: Ọmọbìnrin yìí, o tún ti ń lálàá lọ́sàn-án gangan.
ÈMI: Mọ́kànlá ju mẹ́ta lọ, Bùrọ̀dá.
OLÙRÀ KAN, láti ẹnu ọ̀nà: Oga, una don bring that football?
BÙRỌ̀DÁ: E dey come! (Sí mi:) Ó dáa. Lọ pe bàbá yẹn wá lọ́la, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé ẹ jọ ni ín. Tí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, inú páálí ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.

15.

ÌKÉDE
A KÒ TA SÉGÀ MỌ́.
BỌ́Ọ̀LÙ TUNTUN TI DÉ.

(Òyìnbó ni Bùrọ̀dá fi kọ ọ́. Mo yí i sí Yorùbá bóyá kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Kò tíì lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.)

16.

OHUN TÍ MÀÁ SỌ FÚN BÀBÁ

Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ pé a jọ ni ín.

Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí a jọ ni ín.

Ẹ jọ̀ọ́, sà.

17.

Ogida. Ọ̀sán Sátidé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín.

Máṣíìnì ìránṣọ ò dún. Ariwo ìjà géèmù ló ń gba ojú fèrèsé jáde, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Mo dúró kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ẹnì kan ni tàbí ti ẹni méjì.

Mi ò mọ̀.

Mo kanlẹ̀kùn. Géèmù náà dákẹ́.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Bàbá ni.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ta?"

"Gbéminíyì ni, sà, ẹnì kejì tó ni Ségà."