Ìkíni Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi

…àbí kí ni mo sọ yẹn? Ẹ kú àráfẹ́rakù! Èmi Mojọlá, lójú ọ̀sán gangan, mo kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àkíbù, mo fẹ́ kí wọn kú ìrora, ẹnu mi ní ẹ kú àráfẹ́rakù — ìkíni ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹnu mi yìí á pa mí. Mo sá wá sídìí ẹ̀rọ omi, mò ń fọ bàsíà tó ti mọ́ tipẹ́.

Lọ́rì ló pa Àkíbù lọ́nà Ìjẹ̀bú, Àkíbù télọ̀ Ọjà'ba, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá bí. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ̀, àfi Ìyá. Bàbá Màmúdù, ẹ̀gbọ́n Ìyá, ló wá bẹ̀ wá: "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó gbọ́. Àyà rẹ̀ ò lè gbà á. Tó bá délé, àwa àgbà la máa túfọ̀ fún un." Bí a ṣe ń ṣe é nílé tiwa ní Bẹẹrẹ náà nìyẹn, ọmọdé kì í túfọ̀. Mo ní ó dáa.

Ṣùgbọ́n Sísítà Bertha, tó ń kọ́ wa níṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kíláàsì… "Nọ́ọ̀sì tó bá purọ́ fún aláìsàn, kí ni aláìsàn fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́?" Mo nawọ́, mo ní tí òótọ́ bá fẹ́ pa aláìsàn ńkọ́? Wọ́n ní kí n jókòó.

Ìyá a ní, "Nọ́ọ̀sì, Àkíbù ò tíì wá?" Èmi a ní aṣọ Iléyá ló pọ̀ nílẹ̀ fún un. Irọ́ yẹn mọ́ mi lẹ́nu débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Tí nǹkan bá wá ṣe wọ́n báyìí… èmi ni. Kí n lọ jẹ́wọ́ fún Sísítà? Àbí kí n sọ fún Ìyá pé àṣìsọ ni? Irọ́ mìíràn nìyẹn!

Ìyá ò kígbe, ṣá. Wọn ò tiẹ̀ bi mí pé ta ló kú. Wọ́n kàn ní, "Àmín, ọmọ mi. A ò ní fi irú ẹ̀ san án fún ọ."

Dúró ná… Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀.

Sìdí, ìyàwó Àkíbù — nígbà tó gbé ògì wá lánàá, Ìyá ní gèlè rẹ̀ ti tú, kó sún mọ́ àwọn káwọn bá a wé e. Gèlè ò tú. Ọwọ́ Ìyá wọ abẹ́ gèlè, ó kan irun tí wọ́n ti tú, irun opó, ó sì dúró síbẹ̀… ó pẹ́. Wọ́n wá wé gèlè náà le dáadáa. "Lọ sílé, lọ tọ́jú àwọn ọmọ rẹ." Láti ìgbà yẹn wọn ò béèrè Àkíbù mọ́. Èmi sì ń dúpẹ́!

Wọ́n mọ̀. A kí wọn kú ìrora, a kí wọn kú àìsùn, ọmọ wọn wá kú, kò sẹ́ni tó kí wọn. Àwa tí à ń dáàbò bò wọ́n, a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dá ṣọ̀fọ̀.

Bàbá Màmúdù á bínú. Kí wọ́n bínú. Mò ń nu ọwọ́ mi. Màá padà lọ kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì yẹn, màá tún wọn kí — lọ́tẹ̀ yìí, kò ní jẹ́ àṣìsọ.