Májẹ́kódùnmí Kì Í Ṣe Olè

Lọ́dún tí ìjọba ológun fagi lé ìbò, tí èrò tú jáde láti Ìjanikin títí dé Òkòkòmàíkò, Májẹ́kódùnmí wà nínú wọn. Panẹ́lì-bítà ni, Igbó-Elérin ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò mú igi, kò mú òkúta. Ewé ló mú lọ́wọ́, ó ń kọrin. Ṣọ́jà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n yìnbọn lu èrò. Nígbà tí gbogbo èèyàn fi máa dìde níbi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí, Májẹ́kódùnmí ò dìde.

Florence ìyàwó rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ nígbà tí Àkànbí, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, wọlé tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀.

“Ìyàwó wa, jókòó ná.”

Florence ò jókòó. “Òkú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọlọ́pàá ti gbé e lọ.”

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá ibẹ̀ fi àga lọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

“Màdáámù, ẹ máa gbé òkú yín. Àmọ́ àwọn oníròyìn ń bọ̀ lọ́la. Ẹ sáà sọ fún wọn pé ó wà lára àwọn jàgùdà tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, pé ẹ kìlọ̀ fún un títí. Kọ́rọ̀ tán níbẹ̀.”

Florence wò ó sùn-ùn. “Ẹ pa á tán, ẹ tún fẹ́ kí n bá yín pa orúkọ rẹ̀?”

“Ṣé o mọ̀ pé a lè sin ín síbi tí o ò ní mọ̀ láéláé?”

“Ẹ sin ín. Olè kọ́ lẹ máa sin.”

Nígbà tó délé, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyá ọkọ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún. “Sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ìyàwó mi, kí wọ́n gbé ọmọ mi fún mi. Òkú ò kúkú gbọ́ràn.”

“Ẹ̀yin ìyá mi, òkú ò gbọ́, àmọ́ Wọlé ọmọ wa ń gbọ́. Ọmọ olè ni wọ́n máa pè é títí ọjọ́ ayé rẹ̀.”

Ìyá àgbà fi etí ìró nu ojú. “Kò burú. Èmi náà ti gbọ́.”

Florence fa aṣọ funfun tó fẹ́ fi rán sùtánà yọ. Ó gé aṣọ pupa ní lẹ́tà-lẹ́tà, ó rán an mọ́ ọn: MÁJẸ́KÓDÙNMÍ KÌ Í ṢE OLÈ. Ó gbé e kọ́ sójú títì. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi já a lulẹ̀, wọ́n sì wọ́ Florence lọ sí àtìmọ́lé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀ṣúnkẹ́mi kó àwọn obìnrin ìjọ wọn jáde, gbogbo wọn nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Mùsítúrà, tí wọ́n pa àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí tirẹ̀ wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àgọ́. Àwọn oníròyìn tí ọ̀gá pè wá gbọ́ ìtàn jàgùdà, àwọn obìnrin yìí ni wọ́n bá níbẹ̀.

“Ẹ dìde!” ni ọ̀gá ń pariwo.

Mùsítúrà nìkan ló dìde. “Àsánì lorúkọ àbúrò mi. Bíríkìlà ni.”

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní, “Májẹ́kódùnmí lorúkọ ọmọ mi.”

Florence gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ láti inú àtìmọ́lé. Ó di irin ojú fèrèsé mú, ó figbe ta: “Kì í ṣe olè!” Àwọn obìnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníròyìn ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá ń làágùn.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n tú Florence sílẹ̀, wọ́n sì kó àwọn òkú fún wọn. Kò sí ṣọ́jà kan tó dé iwájú adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mọ́tò ọlọ́pàá kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú, ó ń ṣọ́ wọn. Florence rìn lọ bá a, ó kan gíláàsì rẹ̀.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá bu erùpẹ̀ lé e. Ẹ wá wo ẹni tí ẹ pè ní olè.”

Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú nínú wọn. Dẹ́rẹ́bà ṣáná sí mọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Florence padà sídìí sàréè, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Àkànbí.