Ata Nìkan Ló Kù Lẹ́nu

Alásè náà ju ata tútù kan sẹ́nu, ó rún un wómúwómú. Iná sọ lórí ahọ́n rẹ̀, omi dà lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ata ṣì ń ta á. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, kò mọ iyọ̀ lẹ́nu mọ́, kò mọ ṣúgà, òórùn àlùbọ́sà tó ń dín kì í sì í wọ imú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gba alásè tí kò mọ adùn síṣẹ́?

Ó ti to pòtétò sínú páànù ńlá. Ó gé sọ́séèjì lé e lórí, ó da ọbẹ̀ tòmátì sí i, ó wá ń bu ata gígún. Ó tọ́ ọ wò. Kò mọ adùn kankan lẹ́nu. Ó tún bu ata sí i.

Orí iyọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ṣé ó ti fi sí i àbí kò tíì fi sí i? Ike iyọ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá tún fi sí i, ó lè má ṣe é fẹnu kàn. Ó dé ike náà, ó ti páànù sínú ófùn.

Lọ́sàn-án, àwọn awakọ̀ tó máa ń jẹun ní ilé oúnjẹ tó ti ń dáná dé. Kò pẹ́ tí obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà fi gbé àwo kan padà wọ ilé ìdáná. Kò pariwo.

"Màmá, ẹ tọ́ eléyìí wò."

Ó tọ́ ọ wò. "Ó ta díẹ̀."

"Kò sí iyọ̀ kankan nínú ẹ̀, ata sì fẹ́ pa àwọn èèyàn. Kì í ṣe òní nìkan, mo kàn ń mú un mọ́ra ni." Ọ̀gá wolẹ̀. "Ẹ lọ sinmi nílé ná. Màá ránṣẹ́ sí yín."

Alásè mọ̀ pé irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dé. Ó bu díẹ̀ nínú oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ onídèérí, ó forí lé ilé.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ń ran ṣòkòtò lọ́wọ́. Bó ṣe rí abọ́, ó dìde nídìí ẹ̀rọ. Kó tó ṣí i rárá, ó lọ pọn omi kún jọ́ọ̀gì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òní ni ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú sí i.

Ọkọ rẹ̀ ń jẹun. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó mu omi, ó tún jẹ.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dáa. Ìwọ náà mọ̀ pé o mọ oúnjẹ sè."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì kó tó fèsì. "Iyọ̀ ẹ̀ ṣe régí."

Obìnrin náà jókòó tì í. Ó rántí gbogbo àwo tí ọkùnrin yìí ti jẹ mọ́ tónítóní láti ìgbà àìsàn náà, tí yóò sì dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Mo ń retí kó o sọ fún mi ni."

Obìnrin náà na ọwọ́, ó rọra fa abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò bá a dù ú. Ó fi ṣíbí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.